Ẹ̀bùn ilẹ̀ tí bàbá fún ọmọ ní kọ̀rọ̀, ẹjọ́ ló fún un

Àwọn àgbà ló sọ pé a kì í ti kóòtù dé ká tún ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yà sí ilé-ẹjọ́ gíga èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, yálà ní Ìkẹjà, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ ó rí ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n ti jọ jẹun nínú àwo kan rí, tí wọ́n jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí lọ́yà ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò ní òpùrọ́, tí lọ́yà àbúrò ń pe ẹ̀gbọ́n ní olè. Bí ẹ bá wádìí ohun tó fà á, ọ̀pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì tún tẹ̀ síwájú, ẹ ó gbọ́ pé bàbá tàbí ìyá tó ti darúgbó ló fún ọmọ kan ní ilẹ̀, tí àwọn yòókù kò sì gbọ́ sí i àfi ìgbà tí òbí náà kú, tàbí lọ́jọ́ tí katakata dé orí ilẹ̀.

Àwọn kan lè máa bi ara wọn pé kí ló kan ojú ewé ọrọ̀ ajé nínú ìjà ẹbí. Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ wa ni kò ní ìpín ìdókòòwò ní ilé-iṣẹ́ kankan, tí owó tó wà ní báńkì wọn kò ju èyí tí wọ́n ó fi jẹun dé ìparí oṣù lọ, ṣùgbọ́n tí bàbá wọn ní pulọ́ọ̀tì méjì ní Ìkòròdú tàbí oko kòkó kan lẹ́yìn Ìbàdàn. Ilẹ̀ yẹn ni gbogbo ọrọ̀ ìdílé. Ọjọ́ tí ìjà bá wọ̀ ọ́, ọrọ̀ náà kú nìyẹn. Báńkì kò ní gbà á fi yá ẹnikẹ́ni lówó, oníbàárà gidi kò ní fọwọ́ kàn án, ẹni tó bá sì rà á nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, ẹjọ́ náà ló rà, nítorí ìdájọ́ tó bá mú ẹni tó tà á yóò mú òun náà. Ẹjọ́ ilẹ̀ kì í sì í parí bọ̀rọ̀. Láti ilé-ẹjọ́ gíga dé kòtẹ́milọ́rùn, dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábújá, ó lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó pe ẹjọ́ lè kú kí ìdájọ́ tó jáde, kí àwọn ọmọ wọn máa bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i nítorí pé ilẹ̀ tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú láyé àtijọ́ ti di wúrà. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní agbègbè Mọ́níyà mọ ohun tí ojú ti rí láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń pẹja ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ti sọ ilẹ̀ àdúgbò náà dà. Mọ̀wé àti Ìbafo lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ńkọ́? Nígbà tó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló ń jẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó béèrè ta ni bàbá fi í fún. Ìgbà tí owó gọbọi dé orí rẹ̀ ni gbogbo ọmọ rántí ilé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ọmọ mẹ́fà ló bí. Ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, méjì wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́, ọ̀kan ti kú ṣùgbọ́n ó fi ọmọ sáyé. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, ló wà nílé pẹ̀lú bàbá. Òun ló ń gbé e lọ sí ọsibítù, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń dìde lóru bí ikọ́ bá mú un. Lọ́jọ́ kan, bàbá pè é, ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá títì yẹn, mo fún ọ." Wọ́n pe ẹnì kan tó mọ̀wé ládùúgbò, ó kọ gbólóhùn mélòó kan sínú ìwé, bàbá tẹ̀ka sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe. Obìnrin náà ká ìwé sínú báàgì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bàbá ní kó má sọ ọ́, kí inú àwọn yòókù má baà bà jẹ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá kú. Nígbà tí wọ́n ṣe ìsìnkú tán, tí àwọn ọmọ jókòó láti sọ̀rọ̀ ogún, obìnrin yìí yọ ìwé. Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé owó tí òun fi ránṣẹ́ sí bàbá ni wọ́n fi ra ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ní ilẹ̀ ẹbí ni, pé kì í ṣe ti bàbá láti fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Àwọn ọmọ èyí tó kú ní àwọn náà ní ìpín tiwọn. Gbogbo wọn sì pa ẹnu pọ̀ pé ọpọlọ bàbá kò pé mọ́ nígbà tó tẹ̀ka, pé obìnrin yìí ló di bàbá lọ́wọ́ mú tẹ̀ ẹ́.

Ta wá ni òpùrọ́ nínú wọn? Ó ṣeé ṣe kó má sí ẹnì kankan. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni bàbá fi ilẹ̀ náà fún ọmọ tó tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni owó wá láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ohun tó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo tó lè là á yé wọn ti wà nínú sàréè. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kì í ṣe pé òbí fún ọmọ kan nílẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀, bí kò ṣe pé ó fún un ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ́rìí sí lẹ́yìn ikú olóore kò yàtọ̀ sí gbèsè tí wọ́n kọ sọ́rùn ọmọ náà.

Bí òbí kò bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ó kọ́kọ́ dáhùn nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà, tí ojú rẹ̀ sì mọ́.

Èkíní: ṣé tèmi ni ilẹ̀ yìí? Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ilẹ̀ tí ènìyàn fi òógùn ojú ara rẹ̀ rà àti èyí tó jogún. Èyí tó rà, ó lè tà á, ó lè fún ẹni tó wù ú, ọmọ kankan kò lè fi òfin dá a dúró, nítorí ọmọ kò ní ẹ̀tọ́ nínú ohun-ìní òbí nígbà tí òbí ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó jogún bá láti ọ̀dọ̀ bàbá tirẹ̀, tí wọn kò tíì pín láàárín òun àti àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá rẹ̀, ti ẹbí ni. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n gbọ́ l'Ékòó láàárín ọdún 1908 sí 1909, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ayé Òyìnbó pé bí onílé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Dáwódù tó jẹ́ olórí wọn ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo wọn ni, kò lè sọ ọ́ di tara rẹ̀.

Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà tún là á mọ́lẹ̀. Ẹjọ́ náà kò ti ilẹ̀ Yorùbá wá, ṣùgbọ́n òfin tó gbé kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgbọ́ ti àwọn àgbà tó ń ṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Bí títà, tí owó wọlé fún ẹbí níbẹ̀, bá le tó báyìí, mélòómélòó ni kí bàbá kan dédé gbé ilẹ̀ ẹbí fún ọmọ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Kódà bó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún, kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ṣe ogún. Bákan náà ni ọmọ tó bá kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí kò gbọdọ̀ rò pé ilẹ̀ ti di tòun nìkan nítorí bíríkì tí òun tò sí i.

Ẹni tó ní ilẹ̀ tirẹ̀, tó sì bí ọmọ fún ìyàwó tó ju ẹyọ kan lọ, tún ní ìdí pàtàkì láti tètè sọ̀rọ̀. Bí ó bá kú láìsọ nǹkan kan, àṣà ìdí igi ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Olóògbé Suberu Dawodu kú l'Ékòó, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un sáyé. Àwọn ọmọ náà bá ara wọn fà á títí ó fi dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí ìgbìmọ̀ adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Privy Council ti dá ẹjọ́ náà ní ọdún 1962 pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá, pé orí ò jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé òun ni yóò parí ìjà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kan bí yóò gba odindi ìpín kan, nígbà tí ọmọ márùn-ún tí ìyàwó mìíràn bí yóò pín ìpín kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bàbá tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó sọ bó ṣe fẹ́ ẹ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì tó ọ̀rọ̀ í sọ.

Ìbéèrè kejì: ta ló wà níbẹ̀? Àwọn bàbá wa kò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ilẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́. Wọn a pe ẹbí, wọn a pe àwọn tí ilẹ̀ wọn bá tibẹ̀ pààlà, wọn a jọ rìn yí ilẹ̀ ká, wọn a gbin pẹ̀rẹ̀gún sí ààlà. Títí dòní, kóòtù wa ṣì gbà pé bí ènìyàn bá ra ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀, owó tó san àti bí wọ́n ṣe fà á lé e lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí ló sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó wá yani lẹ́nu pé àwa tí a kàwé ni a wá ń fi ìka kan ṣoṣo nínú yàrá kan ṣoṣo ṣe ohun tí àwọn bàbá wa ń fi gbogbo àdúgbò ṣe.

Ní ti ìka títẹ̀, ó ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́ kí ó tó tẹ̀ka, kí òǹkọ̀wé náà sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé wá sí kóòtù ni kò ní èyíkéyìí nínú rẹ̀. Lọ́yà tí yóò kọ ìwé náà ní láti jẹ́ lọ́yà òbí, kì í ṣe ti ọmọ tó fẹ́ gba ilẹ̀, nítorí ẹni tó san owó fún afunfèrè ló ń pe orin fún un. Bí òbí bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún tàbí tó ti ṣàìsàn tó le, kí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ náà gan-an, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Ọmọ tó ń gba ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sí nínú yàrá nígbà tí lọ́yà bá ń bi òbí ní ohun tó fẹ́. Iye tí wọn yóò ná sórí nǹkan wọ̀nyí kò tó ohun tí lọ́yà yóò gbà ní ọdún kan tí ẹjọ́ bá dé.

Ìbéèrè kẹta: ìwé wo ló wà? Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1978, ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wà ní ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó ní C of O kò lè gbé ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn kó fìdí múlẹ̀ láìsí ìfọwọ́sí gómìnà, ì báà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ilẹ̀ ìgbèríko tí ènìyàn ń lò ní ìlànà ìbílẹ̀ ní ti ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò gbọ́ sí i. Àwọn báńkì kò gbàgbé ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní ọdún 1989: báńkì gba ilé gẹ́gẹ́ bí ìdúró owó tí wọ́n yá oníbàárà, wọn kò gba ìfọwọ́sí gómìnà, àdéhùn náà sì dòfo. Látìgbà náà ni báńkì tó bá mọ ohun tó ń ṣe kì í ti í wo ojú ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó ń fi ìwé tí bàbá tẹ̀ka sí yangàn, tó ń rò pé òun lè fi yáwó ṣòwò, yóò dé báńkì kó tó mọ̀ pé ìwé náà kò tíì débì kan. Kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kí lọ́yà kọ ìwé ẹ̀bùn, kí wọ́n gba ìfọwọ́sí, kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Lóòótọ́ owó ìjọba tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń sá fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá fún un lónìí kàn ń sún un síwájú fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń tọ́jú òbí. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni òkété ń mu ọmú wọn. Ẹnì kan ni iṣẹ́ náà máa ń já lé léjìká, ó sì sábà máa ń jẹ́ obìnrin. Ó lè ti fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà, kó ti fi ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tó yẹ kó fi ṣòwò sin bàbá tàbí ìyá. Èyí tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè-òkun náà ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n owó kì í gbé arúgbó lọ sí ilé ìgbẹ́ lóru. Èmi fara mọ́ ọn pátápátá pé kí òbí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tó tọ́ sí i ni, kì í ṣe ojúsàájú. Ìdí yìí gan-an ló fi yẹ kí wọ́n ṣe é ní gbangba. Ọmọ tó tọ́ sí ẹ̀bùn ni ẹ̀bùn kọ̀rọ̀ ń sọ di olè lójú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tó fi ṣe ìtọ́jú, ìjókòó ọ̀sán kan yóò sọ ọ́ di ọgbọ́n tó fi ń lé ilẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí máa ń sọ. Wọ́n ní: "Bí mo bá sọ ọ́ síta, àwọn tí n kò fún kò ní yọjú sí mi mọ́. Àwọn tí mo sì fún lè lé mi jáde kúrò nínú ilé mi." Ẹ̀rù tó yẹ kó bani ni, a kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. A ti rí ìyá tó fi ilé fún ọmọ, tí ọmọ tà á, tí ìyá wá di ayálégbé lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òògùn rẹ̀ wà. Ẹ̀bùn ojú ẹ̀mí tó bá ti parí kò ṣeé gbà padà, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni yóò máa gbé ilé náà, tí yóò sì máa gba owó rẹ́ǹtì rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ó ṣe ìwé ìhágún. Ìyẹn kò gbé ohunkóhun kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, ó sì lè yí i padà nígbàkígbà tí ọpọlọ rẹ̀ bá ṣì pé. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí yóò fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí má sì jẹ́ ẹni tó ní ìpín nínú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù ìpín náà. Wọ́n lè lọ fi pamọ́ sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé ilé-ẹjọ́ gíga tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogún. Mùsùlùmí tó fẹ́ kí ogún òun tẹ̀lé ìlànà ẹ̀sìn, kí ó bá ààfáà tó gbọ́ nípa rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà sì kọ́ òbí láti ṣe déédéé láàárín àwọn ọmọ bí ó bá ń fún wọn lẹ́bùn.

Ṣé ó wá di dandan kí òbí ka gbogbo rẹ̀ sí àwọn ọmọ létí? Kò di dandan kí wọ́n mọ iye owó tàbí ibi tí ìwé wà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òbí fúnra rẹ̀ pé: "Ilẹ̀ báyìí, mo ti fi fún ẹni báyìí, ohun tó jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ nìyí." Ọmọ tí inú rẹ̀ kò dùn yóò rí ẹni bínú sí, yóò rí ẹni bi léèrè, ẹni náà yóò sì dá a lóhùn. Bínú tí ọmọ bá bá òbí bí lónìí lè rọlẹ̀ kí Ìléyá tó dé. Èyí tó bá bá ọmọ ìyá rẹ̀ bí lórí òkú òbí kì í tètè rọlẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọmọ náà. Bí ẹ bá gbọ́ pé Bàámi tàbí Màámi ti fi ilẹ̀ fún ọ̀kan nínú yín, ẹ má sáré gba lọ́yà. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ béèrè tìfẹ́tìfẹ́. Bí ó bá jẹ́ ohun tí wọ́n fi òógùn ara wọn rà ni, tí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ gba kámú, nítorí ogún kì í ṣe owó oṣù tí wọ́n jẹ yín. Bí ẹ bá sì rí i pé ọpọlọ arúgbó kò pé mọ́, tí ẹnì kan sì ń fi í jẹ ayé, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá kú. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti dá ilé-iṣẹ́ ìlàjà fún aráàlú sílẹ̀ láti ọdún 1999, wọ́n sì ṣí Multi-Door Courthouse ní ọdún 2002, níbi tí àwọn ẹni méjì tó ń jà ti lè jókòó sọ́dọ̀ onílàjà láìfi ojú ba adájọ́. Ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀ sàn ju ogún ọdún ní kóòtù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ náà, ẹ ṣọ́ra. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá gbé ìwé wá pé bàbá òun tó ti darúgbó ti fún òun ní àṣẹ láti ta ilẹ̀, ẹ ní kí ó mú yín lọ kí bàbá. Ẹ bi bàbá ní ìbéèrè fúnra yín. Ẹ béèrè iye ọmọ tó bí, kí ẹ wá àwọn tó kù rí. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀ ẹbí ni, ẹ rí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ọmọ tó bá ní kí ẹ yára sanwó kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun tó gbọ́, ẹ̀yin náà ẹ yára pa dà sílé. Ilẹ̀ tó bá pọ́ọ́kú jù, ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnì kan wà níbì kan tí kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti ń tà á.

Ọdún Ìléyá ń bọ̀, Kérésìmesì náà ń bọ̀, àsìkò tí àwọn ọmọ ń wálé láti Èkó, Àbújá àti òkè-òkun. A ó pa ẹran, a ó ya fọ́tò, kálukú yóò sì tún padà síbi tó ti wá. Ohun tí mo ń rọ àwọn bàbá àti ìyá wa sí ni pé kí wọ́n ya wákàtí kan péré sọ́tọ̀ nínú ọdún náà, kí wọ́n kó àwọn ọmọ jọ, kí wọ́n sì sọ èyí tó jẹ́ ti ẹbí, èyí tó jẹ́ tiwọn, èyí tí wọ́n ti fún ẹnì kan àti ìdí rẹ̀. Kí ọmọ tí inú bá bí bínú níbẹ̀, kí wọ́n sì pẹ̀tù sí i lọ́kàn níbẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá bá fi ẹnu ara rẹ̀ pín lójú gbogbo ọmọ, ọmọ tó bá fẹ́ bá a ṣẹjọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ronú ohun tí yóò sọ pé òun kò gbọ́.